Ọwọ́ ta ni fóònù wà nígbà tí wọ́n ń kọ́ yín?

Ìbéèrè tó dé ọ̀dọ̀ mi nìyí, mo gé e kúrú díẹ̀:

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Èlùbọ́ ni mò ń tà ní Ọjà Ọba, Ìlọrin níbí. Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Àwọn ọmọ mi gba fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ mi, wọ́n ra Android ńlá fún mi, wọ́n tún gbé inverter sílé. Bí wọ́n bá kọ́ mi lálẹ́, kí ilẹ̀ tó mọ́ ó ti lọ. Nígbà míì mo máa tẹ nǹkan kan báyìí, ojú fóònù á yí padà, n kò ní mọ ibi tí mo wà mọ́. Oníbàárà kan tiẹ̀ fi alert èké gbé èlùbọ́ mi lọ. Ọmọ mi obìnrin ní kí n máa wo fídíò lórí YouTube. Mo wò ó, kò yé mi. Ṣé ọjọ́ orí ló dé ni? Àbí kí n ní kí wọ́n gba fóònù wọn, kí wọ́n fún mi ní tèmi?"

Alhaja, ẹ kú ọjà o. Ẹ kú àdánù èlùbọ́ yẹn náà; Ọlọ́run á fi èyí tó jù ú lọ rọ́pò.

Kí n tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ọ̀kan. Nígbà tí àwọn ọmọ ń kọ́ yín lálẹ́, ọwọ́ ta ni fóònù wà?

Iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ́ àwọn oníṣòwò, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àtàwọn tó ti fẹ̀yìn tì ní ìlò fóònù àti kọ̀ǹpútà, nínú Ìlọrin níbí àti lápá Ọ̀fà àti Òmù-Àrán. Ìbéèrè yìí ni mo máa ń kọ́kọ́ bi wọ́n, ìdáhùn kan náà ni mo sì máa ń gbà. Ọmọ á ní, "Màámi, ẹ mú un wá." Á gbà á. Àtàǹpàkò rẹ̀ á sáré lọ sáré bọ̀ lójú fóònù, ibi mẹ́rin, ibi márùn-ún, á wá gbójú sókè pé, "Ṣé ẹ ti rí i báyìí?" Ẹ̀yin á ní ẹ ti rí i. Ẹ ò sì parọ́. Ojú yín rí i lóòótọ́, ọwọ́ yín ni kò ṣe nǹkan kan. Nígbà tí ilẹ̀ bá sì mọ́, ọwọ́ lẹ máa fi ṣe é.

Ẹ rántí ilé kéwú. Àáfà kì í gba wàláà lọ́wọ́ ọmọ kó máa kà á fún un láti òkè dé ìsàlẹ̀, kó wá ní, "Ṣó o ti gbọ́?" Ọmọ ló ń di wàláà tirẹ̀ mú. Òun ló ń fi ìka tọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, òun ló ń ké e títí ohùn á fi há. Bó bá ṣì í, àáfà á dá a padà síbi tó ti ṣì í, á tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ yín náà kọ́ kéwú bẹ́ẹ̀, n kò mọ ìdí tí wọ́n fi rò pé fóònù ní ọ̀nà míì tí wọ́n lè gbà kọ́ ọ fún ìyá wọn.

Ní ti ìgbàgbé, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọ̀mọ̀wé ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Hermann Ebbinghaus fi ara rẹ̀ dán ọ̀rọ̀ ìgbàgbé wò, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1885. Ó ń há àwọn ìró tí kò ní ìtumọ̀ sórí, ó wá ń wo bó ṣe ń pẹ́ tó kí wọ́n tó lọ. Ó rí i pé kété tí a bá kọ́ nǹkan tán ni ìgbàgbé máa ń yára jù, láàárín wákàtí mélòó kan, lẹ́yìn náà ló wá ń rọra. Ọkùnrin yìí kò tíì pé ogójì ọdún nígbà tó ń ṣe gbogbo èyí o. Nítorí náà, bí ohun tí wọ́n sáré kọ́ yín lálẹ́ bá lọ kí ilẹ̀ tó mọ́, bí ó ṣe ń ṣe ọ̀dọ́ nìyẹn, bí ó ṣe ń ṣe àgbà nìyẹn.

N kò ní tàn yín pé ọjọ́ orí kò ní tirẹ̀ ńbẹ̀. Ojú kì í ríran tó ti tẹ́lẹ̀, ìka kì í yá tó ti tẹ́lẹ̀, ohun tuntun sì ń pẹ́ díẹ̀ kó tó wọlé. Ìyẹn ni pé ẹ máa tún un ṣe lọ́pọ̀ ìgbà ju ọmọ yín lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣírò owó kóńgò mẹ́tàdínlógún lọ́kàn láìmú bírò, tó tún ń bá oníbàárà méjì na ọjà lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún un pé orí rẹ̀ ti gbó.

Nítorí náà, fóònù kò gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ yín mọ́. Kí ọmọ jókòó tì yín. Bí kò bá lè kó ara rẹ̀ níjàánu, kó ká ọwọ́ sẹ́yìn. Ẹnu nìkan ni kó máa lò: "Ẹ tẹ ibi aláwọ̀ ewé yẹn." Bí ẹ bá ṣèèṣì tẹ ibòmíì, kó má pariwo, kó jẹ́ kí ẹ rí ibi tó gbé yín lọ, kó wá sọ bí ẹ ṣe máa padà. Bí ẹ bá ṣe é já, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ tún un ṣe, lọ́tẹ̀ yìí kí ọmọ má sọ nǹkan kan. Bí ilẹ̀ bá mọ́, kí ẹ tó lọ sọ́jà, ẹ gbìyànjú rẹ̀ kí ẹ tó bi ẹnikẹ́ni. Ẹ lè rò pé ẹ kò rántí. Ẹ dúró, ẹ wá a lọ́kàn. Wíwá tí ẹ ń wá a yẹn gan-an ló ń mú un dúró, ó dára ju kí wọ́n tún sọ ọ́ fún yín lẹ́ẹ̀mẹwàá lọ.

Ó kan ọ̀rọ̀ ojú fóònù tó ń yí padà. Ohun tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ yín nìyí, kí wọ́n tó sọ WhatsApp, kí wọ́n tó sọ báǹkì: bí ẹ ṣe máa padà sílé. Láti ìgbà tí GSM ti dé Nàìjíríà ní 2001, bọ́tìnì pupa ni ọwọ́ yín mọ̀. Ohun yòówù kí ẹ ti tẹ̀, ẹ tẹ pupa, ẹ ti délé. Lórí ọ̀pọ̀ Android, àmì mẹ́ta ló gba iṣẹ́ yẹn nísàlẹ̀ ojú fóònù: onígun mẹ́ta fún ẹ̀yìn, róbótó fún ilé, onígun mẹ́rin fún àwọn ohun tí ẹ ṣí sílẹ̀. Ìyẹn ṣì rọrùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí Android 10 jáde ní 2019, wọ́n fàyè sílẹ̀ pé èèyàn lè mú àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò pátápátá. Bí ẹ bá fẹ́ lọ sẹ́yìn, ẹ máa fi ìka wọ́ ojú fóònù láti etí wá sí àárín. Bí ẹ bá fẹ́ lọ sílé, ẹ máa wọ́ ọ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Kò sí ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀, kò sí àmì, àfi kí ẹnìkan sọ fún èèyàn. Lójú tèmi, kò dáa bẹ́ẹ̀. Ìka àgbà tó kàn sún mọ́ etí fóònù níbi tó ti ń dì í mú á ti gbé e padà sẹ́yìn láìmọ̀, á wá máa rò pé òun ló ṣe nǹkan burúkú.

Ó ṣeé ṣe kí ti fóònù yín rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ojú rẹ̀. Bí ẹ ò bá rí àmì mẹ́ta, àfi ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tàbí kò tiẹ̀ sí nǹkan kan, ẹ ní kí ọmọ ṣí Settings, kó kọ "navigation" síbi tí wọ́n ti ń wá nǹkan, kó sì yan èyí tó ní bọ́tìnì mẹ́ta. Kò gba ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kí ẹ má kọ́ nǹkan kan. Ẹ kàn máa tẹ ohun tó bá wù yín, kí ẹ máa fi róbótó padà sílé. Ẹ wọ inú rẹ̀ lọ jìnnà, ẹ padà. Ẹ̀rù fóònù á kúrò lára yín nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, nítorí ẹni tó bá ti mọ ọ̀nà ilé kò tún ní sọnù mọ́.

Títẹ kì í ba fóònù jẹ́. Àwọn ohun tó lè dun yín kò pọ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ló máa ń béèrè lọ́wọ́ yín kó tó ṣẹlẹ̀: owó fífi ránṣẹ́, nǹkan pípa rẹ́, áàpù tí wọ́n ní kí ẹ gbà wọlé láti inú ọ̀rọ̀ tẹ́nìkan fi ránṣẹ́. Bí fóònù bá béèrè ohun tí kò yé yín, ẹ tẹ róbótó. Ẹ bi ọmọ nígbà tí ẹ bá délé.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun kan tí àwọn ọmọ yín lè má rò rí, tó sì jẹ mọ́ ọjà tí ẹ ń tà. Ojú fóònù yìí kì í gbọ́ agbára. Iná mànàmáná tíntìntín ló wà lábẹ́ gíláàsì rẹ̀. Bí ìka bá kàn án, ara èèyàn á fa díẹ̀ lára rẹ̀, èyí tó fà yẹn ni fóònù fi ń mọ ibi tí ìka wà. Ìdí nìyẹn tí èékánná kò fi lè tẹ̀ ẹ́, tí aṣọ náà kò lè tẹ̀ ẹ́. Ìka tó gbẹ, tí awọ rẹ̀ ti le nítorí iṣẹ́, tàbí tí èlùbọ́ bò, kì í fa iná yẹn dáadáa. Bí ìka bá sì tutù ju bó ṣe yẹ lọ, omi á da fóònù láàmú, á máa gbọ́ títẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni kò tẹ̀. Mo ti rí àgbà tó pọ̀ tó ń fi gbogbo agbára tẹ gíláàsì mọ́lẹ̀, tí wọ́n rò pé àwọn ni kò mọ̀ ọ́n lò, kó sì jẹ́ pé ìyẹ̀fun ló wà lọ́wọ́ wọn.

Nítorí náà, ẹ ní aṣọ kékeré kan níbi ìsọ̀. Ẹ fi nu ìka kí ẹ tó mú fóònù. Ẹ má fi ṣóńṣó ìka gún un. Ẹ fi ibi tó rọ̀, ibi tí wọ́n ń gbà tẹ̀ka, kàn án wẹ́rẹ́, kí ẹ sì gbé e kúrò. Gbígbé e kúrò ṣe pàtàkì, nítorí bí ìka bá pẹ́ lórí àmì kan, fóònù á rò pé nǹkan míì lẹ fẹ́: àmì náà á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé ìka yín káàkiri tàbí kí àkọlé tuntun já jáde. Àgbà kì í sáré gbé ìka, ọmọ tó ṣe fóònù kò sì ronú kan àgbà. Ibi tí wọ́n ti ń tún èyí ṣe wà nínú Settings, lábẹ́ Accessibility, orúkọ rẹ̀ ni "Touch & hold delay". Kí wọ́n yan èyí tó gùn. Bí wọ́n bá ti débẹ̀, kí wọ́n bá yín mú lẹ́tà tóbi sí i, kí wọ́n sì ṣe é kí iná ojú fóònù tó ìṣẹ́jú méjì kó tó kú. Ọ̀pọ̀ fóònù tuntun ló ń pa iná ojú rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 30. Ẹni tó ṣì ń wá dígí ojú rẹ̀ kò lè bá ìyẹn mu.

Ẹ ra ìwé kékeré kan, irú èyí tí ẹ fi ń kọ gbèsè. Ọwọ́ ara yín ni kí ẹ fi kọ àwọn ìgbésẹ̀, lédè tó yé yín. Bí ó bá jẹ́ àńjẹ́mí, ìyẹn Yorùbá tí wọ́n fi lẹ́tà kéwú kọ, lẹ mọ̀ ọ́n kọ jù, ẹ fi àńjẹ́mí kọ ọ́, kò sí ẹni tó máa gba máàkì níbẹ̀. Ẹ ya àwòrán àmì tí ẹ máa tẹ̀, ẹ má kọ "èkejì láti òkè", nítorí bí wọ́n bá ti tún áàpù ṣe, èkejì lè di ẹ̀kẹrin, àmì rẹ̀ kì í sábà yí padà. Ohun tí kò gbọ́dọ̀ wọ inú ìwé yẹn ni PIN.

Kí ni kí ẹ wá kọ́ ṣáájú? Ohun tí ẹ máa lò lójoojúmọ́ ni. Ohun tí ẹ kọ́ lónìí tí ẹ kò tún fọwọ́ kàn títí oṣù á fi parí, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, ó máa lọ. Fún oníṣòwò bíi tiyín, ohùn orí WhatsApp ni mo máa mú. Kò gba kíkọ, kò gba Gẹ̀ẹ́sì, kò sì lè mú owó yín lọ. Ẹ ṣí orúkọ ẹni tó ń gbé èlùbọ́ wá fún yín, ẹ tẹ àmì gbohùngbohùn mọ́lẹ̀, ẹ sọ̀rọ̀, ẹ tú ìka sílẹ̀, ó ti lọ. Bí ọ̀rọ̀ bá gùn, ẹ fà á sókè díẹ̀ kó ti ara rẹ̀, ìka yín á sì simi. Bí ẹ bá ṣì í sọ, ẹ fà á sápá òsì kí ẹ tó tú u sílẹ̀, ó ti parẹ́. Ẹ fi èyí ṣòwò fún ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó gba ẹ̀kọ́ míì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọ máa ń fẹ́ kọ́ni ní nǹkan mẹ́wàá lálẹ́ kan, ìfẹ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ kọ̀ fún wọn.

Nígbà tí ìyẹn bá ti wọ̀ yín lára, ọ̀rọ̀ owó ló kàn, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ jù.

Alert jẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀ ránṣẹ́, kì í ṣe owó. Ẹnikẹ́ni ló lè tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, àwọn gbájúẹ̀ sì wà tí wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ́ kí orúkọ báǹkì hàn lórí rẹ̀ bí ẹni pé ibẹ̀ ló ti wá. Àwọn míì kò tiẹ̀ dé orí fóònù yín rárá. Ojú fóònù tiwọn ni wọ́n máa fi hàn yín, ó kọ "Successful" gàdàgbà, ó ní orúkọ yín, ó ní iye rẹ̀. Áàpù wà tó ń ya irú ìwé bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ má wo fóònù oníbàárà, ẹ má sì gba alert gbọ́. Ohun kan ṣoṣo ni ẹ máa wò: iye tó wà nínú àkáǹtì yín gan-an, láti inú áàpù báǹkì yín tàbí láti orí nọ́ńbà oníràwọ̀ tí báǹkì yín fún yín. Bó bá jẹ́ pé ₦42,000 ló wà ńbẹ̀ kí oníbàárà tó dé, tó ní òun san ₦18,000, ẹ̀yin fúnra yín mọ iye tó yẹ kí ẹ bá. Ìṣirò tí ẹ ń ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn.

Nọ́ńbà oníràwọ̀ yẹn, USSD, kò nílò dátà rárá. Inú ìlà ìpè ló ń gbà, ìdí nìyẹn tó fi ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù kékeré náà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí owó ìpè díẹ̀ máa wà lórí ìlà yín, nítorí láti 2025, orí ìlà ni ọ̀pọ̀ báǹkì ti ń jẹ́ kí wọ́n yọ owó rẹ̀, ₦6.98 fún ìṣẹ́jú méjì. Bí ẹ bá fẹ́ mọ owó ìpè tó kù, ẹ tẹ *310#. Láti 2023 ni NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ti sọ nọ́ńbà yẹn di ọ̀kan náà fún gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kò yàtọ̀ láti orí ìlà kan sí èkejì mọ́.

Nígbà míì owó á ti kúrò lọ́wọ́ oníbàárà lóòótọ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á sì dá a dúró lọ́nà. Kì í ṣe gbogbo wọn ni olè. Ẹ fún un ní àga, ẹ bi í léèrè ilé. Èlùbọ́ á wà lẹ́yìn yín títí owó á fi wọlé. Bó bá ń kánjú ju bó ṣe yẹ lọ, tó ń jágbe mọ́ yín pé ẹ kò gba òun gbọ́, ẹ jẹ́ kó máa jágbe.

Bí ó bá wá jẹ́ ẹ̀yin lẹ fẹ́ fi owó ránṣẹ́: nọ́ńbà àkáǹtì ní gbogbo báǹkì wa jẹ́ 10 géérégé. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tán, tí ẹ sì yan báǹkì, orúkọ onítọ̀hún á jáde kí wọ́n tó béèrè PIN lọ́wọ́ yín. Ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ wọ dígí, ẹ ka orúkọ náà sókè. Bí kì í bá ṣe ẹni tí ẹ ń fẹ́, ẹ tẹ róbótó. Ẹ fi owó tí kò ní dùn yín ránṣẹ́ sí ọmọ yín lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ títí ọwọ́ á fi mọ̀ ọ́n. Kó máa dá a padà o.

Ẹnikẹ́ni tó bá pè yín pé òun ń pè láti báǹkì, tó wá ń béèrè PIN tàbí nọ́ńbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín, ẹ pa fóònù mọ́ ọn lẹ́nu. Báǹkì kì í béèrè rẹ̀. Bákan náà ni ẹni tó bá kọ̀wé lórúkọ ẹgbẹ́ àsàlátù yín pé òun ṣèèṣì fi nọ́ńbà mẹ́fà kan ránṣẹ́ sí yín, kí ẹ dá a padà fún òun. WhatsApp yín ló fẹ́ gbà. Kí ọmọ bá yín lọ sínú Settings WhatsApp, lábẹ́ Account, kó jẹ́ kí ẹ fọwọ́ ara yín ṣí "Two-step verification", ìyẹn PIN tó ń ṣọ́ WhatsApp fúnra rẹ̀. Kí ẹ tún fi PIN sórí káàdì SIM fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá jí fóònù gbé lọ́jà, ohun tí olè sábà máa ń kọ́kọ́ ṣe ni pé kó yọ SIM yín sínú fóònù tirẹ̀. Bó bá ní PIN, kò lè fi ṣe nǹkan kan. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n fi ń ṣi PIN SIM tẹ̀ kó tó tì pa, ọ́fíìsì nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín ló sì máa ṣí i, nítorí náà ẹ yan èyí tí ẹ kò lè gbàgbé, kó má sì jẹ́ ọdún tí wọ́n bí yín.

Ọ̀rọ̀ YouTube kò gùn. Fóònù tó wà nínú fídíò yàtọ̀ sí tiyín, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ń sáré, bẹ́ẹ̀ ni ẹ kò lè máa wo fídíò lórí fóònù kan kí ẹ tún máa fi fóònù yẹn kan náà dán ohun tó ń sọ wò. Bí ẹ bá fẹ́ wò ó, orí fóònù ọmọ ni kí ẹ ti wò ó, kí tiyín wà lọ́wọ́ yín, kí ẹ máa dá a dúró lẹ́yìn ìgbésẹ̀ kan. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, eré lẹ ń wò.

Inverter ní tirẹ̀ yàtọ̀. Ẹ kì í fọwọ́ kàn án lójoojúmọ́, nítorí náà ẹ má há a sórí rárá. Ìwé ni kí wọ́n kọ, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lédè Yorùbá, lẹ́tà ńlá: bọ́tìnì tí wọ́n fi ń tàn án, ohun tí iná pupa ń wí, ẹni tí ẹ máa pè. Ohun tó yẹ kó yé yín ni pé ohunkóhun tó ń mú nǹkan gbóná ló ń jẹ báńtìrì. Fáànù kan kì í sábà ju wáàtì 70 lọ, gílóòbù LED kan ń jẹ bíi 9. Áyọ́ọ̀nù ń jẹ 1,000, ìgbà míì ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ká ní báńtìrì olómi kan ṣoṣo lẹ ní, èyí tí wọ́n kọ 12V àti 220Ah sí lára. Iná tó wà nínú rẹ̀ tó wáàtì 2,640 fún wákàtí kan, ṣùgbọ́n irú báńtìrì bẹ́ẹ̀, ìdajì rẹ̀ ló yẹ kí èèyàn máa lò kó má bàa tètè kú. Ìdajì yẹn lè gbé fáànù kan àti gílóòbù mẹ́rin láti ìgbà tí ẹ bá kírun ìṣà tán títí di àfẹ̀mọ́júmọ́. Tí ẹ bá ki áyọ́ọ̀nù bọ̀ ọ́, wákàtí kan ló máa gbé e. Nítorí náà, áyọ́ọ̀nù, kẹ́tùlù àti sítóòfù oníná, iná NEPA tàbí jẹnẹrétọ̀ ni kó máa lò wọ́n. Bí inverter bá ń ké pípì pípì, ó ń sọ pé ẹrù wúwo jù tàbí iná ti fẹ́ tán; ẹ pa nǹkan díẹ̀ lára ohun tó ń lò. Bó bá jẹ́ olómi, omi báńtìrì ni kí ẹni tó mọ̀ ọ́n máa dà sí i, kì í ṣe omi ẹ̀rọ o.

Mo tún gbọ́ pé àwọn kan ń sọ fún àwọn ìyá lọ́jà pé kí wọ́n jẹ́ kí fóònù kú pátápátá kí wọ́n tó cháàjì í. Báńtìrì ayé àtijọ́ ló ń fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ti ìsinsìnyí kò fẹ́ ẹ, ẹ cháàjì í nígbà tó bá rọ̀ yín lọ́rùn. Oòrùn ni ọ̀tá rẹ̀: ẹ má gbé e sórí èlùbọ́ ní gbangba oòrùn, ẹ má sì cháàjì í lábẹ́ ìrọ̀rí.

Ó ku ìbéèrè yín tó gbẹ̀yìn. Rárá, ẹ má dá fóònù ńlá padà. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé mo ní kí wọ́n gbé onítọ́ọ̀ṣì yẹn wá, kò yẹ kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ yín rí. Fóònù méjì kì í ṣe àṣejù fún oníṣòwò. Báńtìrì kékeré yẹn lè gbé ọjọ́ mélòó kan láìrí iná, ẹ lè fi gbé ìpè nígbà tí ọwọ́ yín bá kún fún èlùbọ́, ẹ sì lè fi tẹ nọ́ńbà oníràwọ̀ báǹkì níbi ìsọ̀, bí SIM tí ẹ fi ṣí àkáǹtì bá wà nínú rẹ̀. Kí ńlá máa wà nílé ní oṣù àkọ́kọ́, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè já a gbà. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ máa mú un jáde, ní ìwọ̀n ogún ìṣẹ́jú, pẹ̀lú ọmọ tó ká ọwọ́ sẹ́yìn. Nígbà tí ẹ bá ti ń fi ohùn ránṣẹ́ láìbi ẹnikẹ́ni, kí ẹ wá gbé e lọ sọ́jà. Ẹ ti mọ ohun tí ẹ máa fi ṣe lọ́hùn-ún nígbà yẹn.